Ìjàkùmọ̀ Inú Òjò Dídì Tí Wọ́n Ní Kí N Yà Ní Bódìjà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí bàbá kan ní àfi tí mo bá ya ẹranko tí n kò rí rí, nínú òjò tí kò rọ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá, kí àwọn tó lè gbà kí n wá tọrọ ọmọ àwọn. Ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa o, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀!

Nígbà tí mò ń wí yìí, òmìnira ò tíì pẹ́ tá a gbà á. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Dùgbẹ̀, nítòsí ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù máa ń dúró sí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán sára ọkọ̀. Kìnnìún lẹ fẹ́ ni? Màá yà á fún yín. Idì ńkọ́? Ejò tó lọ́ mọ́ igi? Ẹ sáà ti sọ ọ́. Bí mo bá ya ẹranko tán, màá kọ ọ̀rọ̀ sí i nídìí, nítorí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé àwòrán tí kò bá ní ọ̀rọ̀ lábẹ́, ìhòòhò ló wà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi yìí sọ́kàn, a ó padà dé orí rẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń bí mi nínú nígbà yẹn: kí ẹnìkan pè mí ní akunlé. Èmi kẹ̀? Akunlé a máa fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá gbá ògiri láti òkè délẹ̀, ó di òógùn, ó di kí wọ́n máa nu ilẹ̀. Èmi Àjàní, mo lè ya ìpéǹpéjú ẹṣin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan! Ṣé irọ́ ni mò ń pa? Ẹ bi àwọn awakọ̀ ìgbà náà léèrè, àwọn tó bá ṣì wà láyé nínú wọn.

Fọlákẹ́ ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé ní Òkè-Àdó. Ìgbà tí mò ń kọ orúkọ sára pátákó iléèwé wọn la pàdé. Ó dúró nísàlẹ̀, ó ní lẹ́tà kan wọ́. Inú bí mi! Mo sọ̀ kalẹ̀ látorí àkàbà kí n lè fi hàn án pé kò wọ́ rárá. Mo wò ó láti ibi tó dúró sí. Ó wọ́ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà lọ ni n kò ti lè jẹun dáadáa mọ́ bí n kò bá rí ọmọ náà.

Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni wàhálà wà. Ọmọ Èkìtì ni Bàbá, ọ̀gá àgbà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹni ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé wọn sì wà ní Bódìjà níbi tí àwọn ọlọ́lá ìgbà náà ń kó lọ. Skọ́tílándì ni wọ́n ti kàwé. Bí wọ́n bá fẹ́ bá èèyàn wí, wọ́n á yọ awò ojú wọn, wọ́n á rọra nù ún, wọ́n á tún un wọ̀. Kí wọ́n tó nù ún tán, òógùn á ti bo ẹni náà.

Nígbà tí Fọlákẹ́ kọ́kọ́ dárúkọ mi nílé, Bàbá bi í pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Ó ní mò ń fi ọ̀dà yàwòrán. Bàbá ní, “Akunlé?” Fọlákẹ́ ní rárá o, ara ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń yà á sí. Bàbá ní, “Háà! Ó tún burú ju bí mo ṣe rò lọ.”

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá ọmọ.

Ẹ wá gbọ́. Ohun méjì wà nílé wọn tí Bàbá kó bọ̀ láti Skọ́tílándì, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ọ̀kan ni kóòtù òtútù ńlá kan, dúdú, ó wúwo bí ẹní tí òjò pa. Ó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn, kánfọ̀ ń rùn lára rẹ̀. Ọdọọdún tí wọ́n bá ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Màmá Fọlákẹ́ máa ń fẹ́ gbé e lọ kí wọ́n bá wọn tà á. Ọdọọdún ni Bàbá máa ń kọ̀. Bẹ́ẹ̀ wọn ò wọ̀ ọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ta ló fẹ́ wọ irú rẹ̀ n'Ìbàdàn?

Èkejì ni àwòrán kan nínú férémù: ẹranko kan báyìí tó jọ ológbò, tó dúró nínú òjò dídì. Ìgbà tí wọ́n kó dé Bódìjà, wọ́n gbé e ti ògiri nílẹ̀ pálọ̀ kí káfíńtà tó wá kan ìṣó. Káfíńtà ò tètè dé. Ikán tètè dé.

Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé e kúrò nílẹ̀, etí ẹranko náà kan ló ṣẹ́kù, àti funfun díẹ̀ ní igun. Fọlákẹ́ ní Bàbá jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Màmá ní gbogbo ìyẹn nítorí ológbò?

Fọlákẹ́ rí àyè. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tí mo sọ fún yín lè tún un yà.” Bàbá yọ awò, wọ́n nù ún, wọ́n ní kí n máa bọ̀.

Mo dé Bódìjà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ní kí n dìde, àmọ́ wọn ò ní kí n jókòó. Wọ́n ní ẹranko náà, bí a bá fẹ́ fi Yorùbá pè é, ìjàkùmọ̀ là bá máa pè é, àmọ́ ìjàkùmọ̀ ti òkè ọ̀hún ni. Irun pọ̀ lára rẹ̀, ìrù rẹ̀ ki, òrùka dúdú sì yí ìrù náà ká.

Mo ní, “Ẹ ṣeun sà. Òjò dídì náà ńkọ́ sà, báwo ló ṣe rí?” Torí ẹnu àlùfáà nìkan ni mo ti gbọ́ òjò dídì rí.

Wọ́n ní, “Funfun ni.”

Mo ní bí òwú ni? Wọ́n ní rárá. Bí ẹfun? Wọ́n ní rárá. Bí iyọ̀? Wọ́n ní, “Àgbẹdọ̀!”

Ni wọ́n bá tún yọ awò. Wọ́n ní, “Akunlé, fetí sílẹ̀. Lọ yà á. Bí mo bá wò ó tí òtútù mú mi, sọ fún àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀. Bí mo bá wò ó tí òtútù ò mú mi, má ṣe tẹ ẹnu ọ̀nà ilé yìí mọ́. Ọmọ mi náà, fi í sílẹ̀.”

Akunlé! Mo gbé e mì. Ìgbà tí Màmá ń sìn mí jáde, wọ́n rọra sọ fún mi pé ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́yà ni, ó ń palẹ̀ mọ́ láti wálé, Bàbá sì ti ń dárúkọ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Lọ́yà! Èmi tí n kò ní ju búrọ́ọ̀ṣì lọ!

Mo padà sí Dùgbẹ̀, mo jókòó, mo káwọ́ lérí. Oòrùn ń pa mí, òógùn ń kán sínú ọ̀dà, wọ́n ní kí n ya òtútù. Báwo ni wọ́n ṣe ń ya òtútù, ẹ̀yin èèyàn mi?

Ilé kan wà ní Dùgbẹ̀ nígbà náà tí wọ́n ti ń ta ẹja inú yìnyín. Yàrá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn bí ògiri, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹja sí. Mo bá Mùráínà tó ń ṣọ́ ibẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n wọlé. Ó ní ẹja wo ni mo fẹ́ rà. Mo ní n kò ra ẹja, mo kàn fẹ́ kí òtútù mú mi ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní ṣé kò sí nǹkan? Mo wá tú ọ̀rọ̀ ìyàwó palẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní ohun tójú òun alára rí kí wọ́n tó fún òun níyàwó, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó sì pa á dé kí yìnyín má bàa yọ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé oníbàárà dé, Mùráínà lọ dá wọn lóhùn, ó sì gbàgbé mi sáàárín ẹja?

Lákọ̀ọ́kọ́, mo gbádùn rẹ̀. Mo ní ṣé ohun tí Bàbá ń pariwo kiri nìyí? Kò pẹ́, etí bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Imú mi kú. Eyín mi ń lu ara wọn. Mo la ẹnu kí n kígbe, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni èéfín! Èéfín funfun, bẹ́ẹ̀ n kò fa sìgá rí láyé mi. Mo rò pé ẹ̀mí mi ló ń jáde díẹ̀díẹ̀ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Gbogbo ẹja yẹn lajú sílẹ̀, wọ́n ń wò mí, kò sí èyí tó ṣe àmín nínú wọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe ara nìkan ni òtútù yẹn mú. Ó ń ṣe mí bíi pé n kò ní ẹnìkan láyé. Mo rántí ilé wa, mo rántí iṣu tí ìyá mi máa ń sun fún wa, omi bọ́ lójú mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀!

Nígbà tí Mùráínà fi rántí mi tó ṣílẹ̀kùn, òun gan-an ló ń gbọ̀n jù mí lọ. Ó ní òun rò pé òun ti pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo jókòó sínú oòrùn Dùgbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá oòrùn. Àmọ́ mo ti rí nǹkan tí Bàbá ò sọ fún mi, pé nínú òtútù, èémí ẹni a máa hàn síta.

Ó wá ku ẹranko. Agbowó ni mò ń gbé, nílé Ìyá Rábíù. Onílé mi ni Ìyá Rábíù, wọn kì í gba ìgbàkugbà. Wọ́n ní ológbò kan tí wọ́n ń pè ní Músù. Ológbò oníyanga ni, eku ń kọjá níwájú rẹ̀, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fẹ́ mọ bí ẹsẹ̀ ológbò ṣe ń rì sínú nǹkan funfun. Òwú ò gba ipa ẹsẹ̀. Eérú ò funfun tó. Ni ọkàn mi bá lọ sórí láfún. Láfún! Ó funfun, ó kúná, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ó rì.

Ní òwúrọ̀ kùtù, kí àwọn ará ilé tó jáde, mo da láfún káàkiri ẹ̀yìnkùlé, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo gbé orí ẹja gbígbẹ sí òdìkejì, mo sì tú Músù sílẹ̀. Ẹ ò bá rí ìrìn! Á gbé ẹsẹ̀ kan, á gbọ̀n ọ́n, á tún gbé òmíràn, ojú rẹ̀ le koko bí ìyàwó tuntun tí wọ́n ní kó lọ pọnmi. Mo ń yà á sórí páálí wàràwàrà. Bó ṣe jẹ ẹja tán ló bá yí gbiri sínú láfún. Mo sáré wọlé lọ mú páálí mìíràn.

Àkókò yẹn ni Ìyá Rábíù jáde pẹ̀lú bútà àlùwàlá wọn.

Wọ́n rí ẹ̀yìnkùlé tó funfun báláú. Wọ́n rí ipa ẹsẹ̀ ẹranko tó wá láti ibi kan tó lọ sí ibi kan. Wọn ò rí ẹnikẹ́ni. Ha! Igbe tí wọ́n ké ọjọ́ náà, àwọn tó wà ní òdìkejì ọ̀nà gbọ́ ọ. “Wọ́n ti dé o! Àwọn ayé ti wá jó nílé mi o! Ẹ gbà mí o!”

Gbogbo ilé tú jáde. Ẹnìkan ní ẹfun ni. Ẹnìkan ní kì í ṣe ẹfun, ohun tó ju ẹfun lọ ni. Télọ̀ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ní kí wọ́n wo ibi tí ẹsẹ̀ náà dojú kọ, wọ́n wò ó, ẹnu ọ̀nà òun gan-an ni! Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó ń bá a ṣọ̀tá. Èmi wà lẹ́yìn fèrèsé, páálí wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ bí mo ṣe máa jáde sí i.

Ibi tí wọ́n ti ń rò ó ni Músù ti yọ lẹ́yìn àmù. Láti orí dé ìrù, funfun ni. Ó wo gbogbo wọn. Ó sín.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí eré! Bútà fò lọ, télọ̀ fò lọ. Ìyá Rábíù, tí wọ́n máa ń sọ pé orúnkún ò jẹ́ kí àwọn rí ìrìn rìn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dé títì.

Mo bá jáde, mo ní èmi ni mo ṣe é, ẹ forí jì mí, láfún ni. Láfún? Láfún tí èèyàn ń rò jẹ? Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀rọ̀ pa mí. Ìyá Rábíù ní kí n gbá ẹ̀yìnkùlé, kí n sì wẹ Músù. Ṣé ẹ ti wẹ ológbò rí? Àpá rẹ̀ ṣì wà lápá mi dòní.

Nígbà tí inú wọn rọ̀, wọ́n wá bi mí pé ọmọ ta ni mo ń torí rẹ̀ ya wèrè báyìí. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ìjàkùmọ̀ kì í rìn ọ̀sán, ẹni a bí ire kì í rìn òru. Èwo ni ti ìjàkùmọ̀ tó ń rìn nínú funfun lọ́sàn-án gangan? Wọ́n ní bàbá tó bá fẹ́ràn irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà níkùn rẹ̀ tí kò tíì sọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ láfún ló ṣì ń bí wọn nínú.

Mo wá gbé pátákó pílái ńlá kan kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Funfun yẹn jẹ mí níyà! Bí èèyàn bá kàn fi funfun kun pátákó, pátákó funfun lá á rí. Iṣẹ́ akunlé nìyẹn! Mo po búlúù díẹ̀ mọ́ ọn níbi tí òjìji bọ́ sí, mo fi yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo ya igi tí kò ní ewé. Mo gbé Músù sáàárín, mo sọ ọ́ di ńlá, mo fi irun bò ó, mo fi òrùka dúdú sí i nírù. Mo ya ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn réré láàárín igi, títí tó fi dé iwájú ẹni tó ń wò ó. Mo ya èéfín sí i nímú. Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ohun tó ṣe mí láàárín ẹja ni mo fi síbẹ̀.

Mo fà sẹ́yìn, mo wò ó. Ó dára o, àmọ́ nǹkan kan kù. Ẹ ti mọ̀ ọ́n, àbí? Ìhòòhò ló wà!

Mo fẹ́ kọ òwe Ìyá Rábíù sí i, ó gùn jù, pílái ò gbà á. Bí mo ṣe gbójú sókè, ọkọ̀ kan tó ti òkè Ọya dé dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, eruku bò ó, awakọ̀ ti sùn sórí ìdarí ọkọ̀. Èmi náà ni mo kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn: ILÉ LÀBỌ̀ SINMI OKO. Mo wo awakọ̀, mo wo ẹranko mi, mo wo ipa ẹsẹ̀ gígùn yẹn. Mo ní eléyìí náà, ilé ló ń lọ. Ni mo bá kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀, pupa fòò, mo fi òjìji dúdú sí i lẹ́yìn. Inú mi dùn. Mo ní kí lọ́yà máa bọ̀!

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, awakọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan fi ọkọ̀ tó fi ń kó iṣu gbé mi lọ sí Bódìjà. Ó fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bàbá bí ẹni pé ó fẹ́ jí òkú. Àwọn aládùúgbò yọjú. Bàbá náà yọjú. Wọ́n nu awò wọn kí n tó sọ̀ kalẹ̀ rárá.

Mo gbé àwòrán náà wọlé, mo fi aṣọ bò ó. Bàbá jókòó, Màmá jókòó, Fọlákẹ́ dúró lẹ́yìn àga ìyá rẹ̀. Mo ṣí aṣọ, mo sì dọ̀bálẹ̀.

Mo gbórí sókè díẹ̀. Fọlákẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ń wo ìsàlẹ̀ àwòrán. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́tà pupa yẹn bí wọ́n ṣe rí i. Ní Dùgbẹ̀, wọ́n dára. Ní pálọ̀ Bódìjà, nítòsí rédíò àti àga onítìmùtìmù, wọ́n ń pariwo bí kọndọ́kítọ̀!

Bàbá rọra kà á sókè. “Ilé… làbọ̀… sinmi oko.”

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ta ló ní kó o kọ nǹkan sí i?”

Mo ní ẹ má bínú sà, ọ̀gá mi ló ní àwòrán tí kò bá ní ọ̀rọ̀ lábẹ́, ìhòòhò ló wà. Mo ní mo rí i pé ọ̀nà ẹranko náà jìn, ni mo ṣe ní ilé ló ń lọ, mo sì kọ ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ sẹ́yìn ọkọ̀ kan sí i.

Bàbá yọ awò. Àmọ́ wọn ò nù ún. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

Ó ti parí nìyẹn. Mo ṣì dọ̀bálẹ̀ o! Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde, sìmẹ́ńtì ń ta mí láyà. Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n ní, “Àjàní, ǹjẹ́ o ò bá sì ti yà á lásán.” Fọlákẹ́ ń sunkún, kò tiẹ̀ fi pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Ẹkún yẹn ló dùn mí jù. Mo ń bú ọ̀gá mi nínú, mo ń bú gbogbo ọkọ̀ tó wà ní Dùgbẹ̀. Mo ní bí mo bá kúrò níbí, akunlé náà ni mo máa ṣe títí màá fi kú, ìyẹn kì í kọ nǹkan sí ògiri.

A gbọ́ ilẹ̀kùn. Mo rí ẹsẹ̀ Bàbá níwájú mi. Lẹ́yìn náà, òórùn kánfọ̀ gbà mí nímú. Mo gbórí sókè.

Kóòtù dúdú yẹn ló wà lọ́rùn wọn! Wọ́n de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, nínú ooru ọ̀sán Ìbàdàn, pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Wọ́n jókòó síwájú àwòrán náà, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ra.

Wọ́n ní, “Ìyá Fọlákẹ́, jọ̀ọ́, bá mi se tíì gbígbóná. Òtútù ń mú mi.”

Màmá ò lè dìde. Ẹ̀rín ni ká pè é ni, àbí ẹkún, ohun tó ń ṣe wọ́n. Fọlákẹ́ ló sáré lọ gbé omi kaná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ mí lórí kọjá.

Bàbá wá ń sọ̀rọ̀, ojú wọn ò kúrò lára ẹranko náà. Wọ́n ní yàrá kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àwọn gbé ní Skọ́tílándì, òdìkejì bẹ́ẹ̀dì àwọn sì ni àwòrán yẹn wà. Wọ́n ní ìgbà òtútù ni ìròyìn kan àwọn lára pé ìyá àwọn ti kú nílé, wọ́n sì ti sin wọ́n kí ìròyìn tó dé. Kò sẹ́ni tí àwọn lè sọ ọ́ fún. Àwọn wọ kóòtù, àwọn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn àti ẹranko náà ń wo ara àwọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí àwọn ń bọ̀ wálé, onílé fún àwọn ní àwòrán náà.

Màmá ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn! Wọ́n kàn ń sọ pé, “Bàbá Fọlákẹ́, àti gbogbo ìkórè tí mo ti fẹ́ gbé kóòtù yìí lọ…”

Bàbá nàka sí lẹ́tà pupa mi. Wọ́n ní, “Gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, ohun tí mò ń wí nínú ara mi láràárọ̀ nìyí. N kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ ọ́ sára mọ́tò.”

Ìgbà náà ni wọ́n tó rántí pé mo wà nílẹ̀. Wọ́n ní, “Akunlé, dìde. Lọ sọ fún àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kò sí orúkọ oyè tí wọ́n lè pè mí láyé yìí tó máa dùn tó akunlé ọjọ́ yẹn. Wọn ò pè mí lórúkọ mìíràn títí wọ́n fi sùn nínú Olúwa. Wọ́n á ní, “Akunlé mi ńkọ́?” Àwọn èèyàn á rò pé ilé ni mò ń kùn fún wọn. Lọ́yà náà dé lóòótọ́ o! Ó mú ìyàwó òyìnbó rẹ̀ dání.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kéèyàn má ṣe máa tijú ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Mo fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ làálàá wá òjò dídì káàkiri, lọ́dọ̀ ẹja, lọ́dọ̀ láfún, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ló lọ bá Bàbá níbi tó ń dùn wọ́n. Èkejì ni pé bí àgbàlagbà bá di nǹkan ẹgẹrẹmìtì kan mú, ẹ má kàn fi í rẹ́rìn-ín, ẹ bi wọ́n léèrè. Ìyá Rábíù ti sọ ọ́ fún mi, èmi ni n kò gbọ́.

Àwòrán náà wà ní pálọ̀ wa báyìí, a gbé e jìnnà sílẹ̀ nítorí ikán. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọyẹ́ ti dé sí Ìbàdàn, Fọlákẹ́ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kóòtù bàbá rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ó ní kí n sọ fún yín pé lẹ́tà kan ṣì wọ́ nínú àwòrán náà títí dòní.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni àna yín ní kẹ́ ẹ ṣe kí wọ́n tó fún yín lọ́mọ? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín, ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́. Èyí tó bá pa Fọlákẹ́ lẹ́rìn-ín jù, màá kọ orúkọ ẹni náà ní pupa fòò, pẹ̀lú òjìji lẹ́yìn!